Orí Kẹsàn-án Tí Kò Tán

Ọjọ́ tí Àjọkẹ́ àti Akíndé ọkọ rẹ̀ lọ ra ẹ̀rọ ìkàwé ní Sàngó, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà níwájú ọlọ́jà. Akíndé ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì gbàǹgbà kan lọ́wọ́, èyí tó ń dán yanran, tí àwòrán ẹja pupa àti ẹja olómi-aró ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Nùrẹ́nì, tó ń ta fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù nítòsí bíríìjì, ń bá a rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò wo ni yóò fajú ro nígbà tí oníbàárà bá ń rẹ́rìn-ín?

"Ẹ gbé e wá síta," ni Àjọkẹ́ wí.

"Síta báwo?"

"Sínú oòrùn. Ṣé abẹ́ agboòrùn ọlọ́jà la ó ti máa kàwé ni?"

Wọ́n gbé e síta. Gbogbo ẹja pòórá. Ohun tó kù lójú ẹ̀rọ náà kò ju irùngbọ̀n Akíndé àti ojú ọ̀run lọ. Àjọkẹ́ béèrè bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Nùrẹ́nì búra pé wáláì, bí wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, tí wọn kò sì fọwọ́ kàn án jù, yóò bá wọn dé ìrọ̀lẹ́. Àjọkẹ́ kàn wo ọkọ rẹ̀ ni. Ládùúgbò tiwọn ní ẹ̀yìn Ìyànà Ìyẹ̀sí, iná tó bá lọ lónìí, ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè ìgbà tó ń bọ̀.

"Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀hún yẹn ńkọ́?" Ó nawọ́ sí nǹkan pẹlẹbẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú.

"Mọ̀mí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni Nùrẹ́nì wí. "Kò lè kọrin, kò lè ya fọ́tò, kò lè gbé fíìmù. Kò tiẹ̀ ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ."

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ìwé nìkan ni wọ́n ń fi í kà."

"Kí la sọ fún ọ pé a wá rà?"

Nùrẹ́nì fọwọ́ họrí. Àjọkẹ́ gbé nǹkan náà sínú oòrùn, lẹ́tà rẹ̀ dúró ketekete bí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Ó ṣí ìwé Yorùbá kan nínú rẹ̀, kó wò ó bóyá yóò máa jẹ àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà. Kò jẹ wọ́n. Ó sọ lẹ́tà di ńlá fún Akíndé, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ní ti bátìrì, Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé èèyàn lè ti gbàgbé ibi tó ju ṣájà sí kó tó tán.

"Ṣùgbọ́n kò dùn ún wò, Àjọkẹ́," ni Akíndé rọra sọ.

"Èmi náà kì í dùn ún wò bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Ṣebí ẹ ṣì ń wò mí."

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Wọ́n ra aláwọ̀ eérú náà.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé àṣejù ló ń dà wọ́n láàmú, pé òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì méjì ń wá ẹ̀rọ ìkàwé kiri. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà ni Àjọkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ló sì ń ṣe é. Akíndé ń wa fọ́ọ̀kìlíìfù tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní Àgbàrá, ọ̀sán ni tiẹ̀. Bí ọkọ bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, ìyàwó ti jáde. Bí ìyàwó bá fi máa dé ní ìdájí, ọkọ ti wà ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì Àjọkẹ́ ti ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, etí títì ni tọkọtaya yìí ti ń rí ara wọn, lórí ìdúró, láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn tó ń pe èrò. Olúwayẹ́misí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ìyá Akíndé ní Ìkirè nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kan náà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n jọ ń wà nílé, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì tó kù jẹ́ ti oorun.

Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ gbẹ láàárín wọn nìyẹn. Gáàsì ti tán. Lánlọ́ọ̀dù wá. Omi kò yọ. Bọ́ọ̀sì á dé, ó dàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ni Àjọkẹ́ wá bi í pé, "Bàbá Yẹ́misí, ṣé ìgbéyàwó la ń ṣe ni àbí à ń jábọ̀ fún ara wa?" Àjọkẹ́ ní kí wọ́n jọ máa ka ìwé kan ṣoṣo, ó kéré tán wọn yóò rí nǹkan sọ. Ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Nùrẹ́nì nìyẹn.

Jabez, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló bá wọn kó ìwé sínú ẹ̀rọ náà. Èyí tí wọ́n mú ni ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Àlàrí, tí ọkọ rẹ̀ bá àwọn agégẹdú lọ sí apá odò, tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ kò gùn, èèyàn lè ka méjì kí oorun tó gbé e lọ. Ẹ̀rọ yìí ní ìwà kan: ibi tí ẹni ìkẹyìn bá ti dúró ló máa ń ṣí sí. Wọ́n sì fi ìwà yìí ṣe ọgbọ́n. Ẹni tó bá gbé e yóò kọ́kọ́ ka orí tí èkejì rẹ̀ ti kà, kó lè bá a, lẹ́yìn náà ni yóò ka orí tuntun kan lé e, tí yóò sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjì ṣe ń rìn ni: ọ̀kan á lọ, èkejì á bá a, á sì kọjá díẹ̀.

Kí n má parọ́, ọgbọ́n náà dùn. Bí Àjọkẹ́ bá jí lọ́sàn-án, kó tó bọ́jú ni yóò ti na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí. Bó bá ti rí i pé Akíndé ti fi orí kan síwájú, ó mọ̀ pé ọkọ òun jẹun lánàá, pé ó wẹ̀, pé ó dùbúlẹ̀ sí ibi tí òun dùbúlẹ̀ sí yìí, pé ó sì rántí òun. Ara rẹ̀ á silẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọn kì í kí ara wọn tán kí Àlàrí tó wọ ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí obìnrin yìí kò kúkú ta ilẹ̀ yẹn?" ni Akíndé á wí.

"Tó bá tà á, níbo ni ọkọ rẹ̀ máa bá a?"

"Ọkọ tí kò mọ̀ bóyá ó kú ni àbí ó yè?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní dídúró de èèyàn."

Wọn á máa jà á bọ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi dé. Cornelius, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Àgbàrá, tiẹ̀ gbà pé àbúrò Àjọkẹ́ kan ló ń jẹ́ Àlàrí. Ó ti bi wọ́n léèrè rí bóyá ọkọ ọmọbìnrin náà ti dé.

Wọ́n dé Orí Kẹsàn-án. Àjọkẹ́ ka tiẹ̀ tán, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ìparí rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó jí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tó ṣí i, Orí Kẹsàn-án ló bá níbẹ̀. Akíndé kò fọwọ́ kàn án. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ni Àjọkẹ́ wí lọ́kàn ara rẹ̀. Wọ́n ń kó ẹrù jáde ní Àgbàrá lọ́sẹ̀ yẹn, ofátáìmù kò jẹ́ kí èèyàn gbádùn. Kò fẹ́ ka orí mìíràn lé e, kó má baà di pé òun ń sáré níwájú ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ń ro. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti wá sọ fún Àlàrí pé òun rí ọkọ rẹ̀ ní ọjà kan lókè odò. Ta ló lè dúró síbẹ̀? Àjọkẹ́ ka Orí Kẹwàá. Nígbà tó kà á tán, ó fi ìka yí gbogbo rẹ̀ padà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi tó ti bá a, kí Akíndé lè bá ojú ọ̀nà rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Orí Kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹta, Orí Kẹsàn-án. Ó ń kà, ó ń yí i padà. Ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, kò dá ọ̀rọ̀ Àlàrí sílẹ̀ mọ́, nítorí bó bá sọ̀rọ̀, ó lè já ìtàn fún un. Akíndé náà kò sọ nǹkan kan. Gáàsì ti ń lọ sí ìsàlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ń bọ̀. Àní lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì, Àjọkẹ́ ń wo ọkọ rẹ̀ bóyá yóò gbé e, ọkọ rẹ̀ ń wo fèrèsé. Ó dun obìnrin náà dé egungun.

Inú irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ilé òṣìṣẹ́ bọ́ sí. Akíndé sọ fún un ní ìdájí ọjọ́ kan pé kọ́ńpìnnì àwọn ti tún ilé kan ṣe ní Àgbàrá fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tó bá gba bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yóò máa lọ ní ọjọ́ Ajé, yóò sì máa wálé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Wàhálà ọ̀nà Atan àti Lùsádà á dín kù.

"Kí lo rí sí i, Àjọkẹ́?" ló bi í.

Gbogbo ara Àjọkẹ́ ń sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn, ẹ wá wo ohun tó sọ. "Ohun tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn náà ni."

Akíndé mi orí pé òun ti gbọ́. Bọ́ọ̀sì dé.

Jemimah, tí wọ́n jọ ń to ike níbi iṣẹ́, tún wá da epo sí iná náà. "Ọkùnrin tí kò bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́, tó wá ń wá bẹ́ẹ̀dì síta," ló wí, "kí lo tún ń retí?" Àjọkẹ́ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ọkọ òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ. Kò bẹ̀rù obìnrin kankan ní Àgbàrá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkùnrin lè wà láìní obìnrin mìíràn, kí ìyàwó rẹ̀ sì ti sú u. Bó bá lọ sí Àgbàrá, ìdájí tí wọ́n fi ń rí ara wọn yìí náà á tán. Kí ló wá kù?

Akíndé gba bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá fún un. Àjọkẹ́ bá a fọ aṣọ rẹ̀, ó bá a lọ̀ ọ́, omi ojú rẹ̀ kò sì jáde. Ó kàn ń ka Àlàrí nìṣó bí ẹni ń jẹun tí kò mọ adùn rẹ̀, títí ó fi ku orí kan ṣoṣo. Kò ka ìyẹn. Ó yí i padà sí Orí Kẹsàn-án, tìbínú-tìbínú lọ́tẹ̀ yìí, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ó rí Akíndé lábẹ́ igi tí wọ́n máa ń dúró sí, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kí i. Ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ máa jẹun o," ni Àjọkẹ́ wí. "Ẹ má máa fi búrẹ́dì pa ara yín."

"Mo gbọ́. Ìwọ náà máa tilẹ̀kùn dáadáa."

"Màá máa tì í."

Akíndé ń fi bàtà ha ilẹ̀. "Bó bá di Sátidé, ọ̀nà lè dì, mo lè pẹ́ dé. Jọ̀ọ́, máa fetí sí ilẹ̀kùn, kí n má lọ sùn sínú ìrì bí ọkọ Àlàrí."

"Ẹ ò ní sùn sínú ìrì. Orí Kọkànlélógún yẹn kò tiẹ̀ bá mi lára mu. Ta ló ń dé láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tí yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, tí yóò ní òun kò fẹ́ jí ìyàwó òun?"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó dúró. Akíndé náà gbójú sókè.

"Bàbá Yẹ́misí," ló rọra wí, "níbo lẹ ti rí ọkọ Àlàrí nínú ìrì?"

"Níbo nìwọ ti rí i? Ṣebí Orí Kẹsàn-án lo wà."

"Ẹ̀yin lẹ wà ní Orí Kẹsàn-án. Mò ń yí i padà fún yín lójoojúmọ́ ni."

"Ìwọ ń yí i padà?" Akíndé jókòó lé báàgì rẹ̀. "Èmi náà ń yí i padà, Àjọkẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ni oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo tún gbé e, mo rí i pé o kò kọjá ibẹ̀, mo ní iṣẹ́ alẹ́ ti mu ọ́ lómi, o kò ráàyè ìwé mọ́. Mo ń kà á, mo sì ń dá a padà síbi tó o wà, kó má dà bíi pé mò ń lé ọ. Mi ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, kí n má baà já ìtàn fún ọ."

Adìyẹ bà lókùn: ara rọ okùn bí, ara rọ adìyẹ bí? Èèyàn méjì ń ṣàánú ara wọn títí àánú fi fẹ́ tú wọn ká. Bí ẹnìkan bá kúkú ti là á lẹ́nu pé, "Ìwọ, ṣé o ṣì ń kàwé?" ọ̀rọ̀ ì bá ti tán lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kú ọgbọ́n.

Omi ojú tí Àjọkẹ́ ti ń dì mọ́ra láti ọjọ́ yìí wá dà. "Mo rò pé mo ti sú yín ni," ló wí. "Mo rò pé ìdí tí ẹ fi ń lọ sí Àgbàrá nìyẹn."

"Ṣebí mo bi ọ́? O ní ohun tó bá ti tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi náà rò pé o fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi."

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Ọ̀nà le, mo mọ̀ pé ó le, ó ń rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mo fi ń rí yín lábẹ́ igi yìí, òun ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró. Mi ò mọ bí màá ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ níbí tí n kò ní bá yín."

Bọ́ọ̀sì Àgbàrá ti dé. Cornelius fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó rí obìnrin tó ń nu ojú, kò fun ún mọ́. Akíndé dìde. Ó gbé báàgì náà, ó fi í sí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ náà mọ́ etí báàgì.

"Gbé e lọ sílé," ló wí. "Ẹlòmíràn á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Nírọ̀lẹ́, ilé ni mò ń bọ̀."

Ó ti fẹsẹ̀ kan wọ bọ́ọ̀sì kó tó yíjú padà. "O ti kà á tán?"

"Ó ku ti ìkẹyìn. Mi ò lè dá a kà."

"Èmi náà fi í sílẹ̀," ni Akíndé wí, ó wọlé, bọ́ọ̀sì lọ. Àjọkẹ́ gbé báàgì lérí, ó ń rìn lọ sílé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún, àwọn tó ń pàdé rẹ̀ ń kí i pé ó kú àbọ̀, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n sì jẹun tán, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó tira. Àjọkẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó ń ka orí ìkẹyìn síta. Ó kà á débi tí ilẹ̀ ti mọ́, tí Àlàrí ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn, tí kò mọ ẹni tó sùn síta lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ibẹ̀ ni orí Akíndé ti rọ̀ sí èjìká rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Àjọkẹ́ dákẹ́, ó wò ó. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko wà lójú ọkùnrin náà. Nígbà kan, yóò ti rọra pa ẹ̀rọ dé, yóò fi í sílẹ̀ kó sùn, yóò sì jókòó síbẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ohun tó ń ṣe é.

Ó fi ìgúnpá gún un.

"Bàbá Yẹ́misí, ẹ dìde. Ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

"Mi ò sùn."

"Kí ni mo kà kẹ́yìn?"

Akíndé nu ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ ní kó jókòó dáadáa, pé òun kò ní dá a kà, òun kò sì ní dákẹ́ máa dúró dè é mọ́ láyé òun. Ó bi í léèrè ibi tí oorun ti gbé e lọ gan-an, ọkọ rẹ̀ sọ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.